Kọfí Kọ́ Ló Gbé Ìyáàgbà Dé Ọgọ́rin Ọdún

"Ẹ sọ fún ẹni tó kọ ìwé yìí kó tètè kọ òmíràn, kí ẹlòmíì tó tún dé ibí."

Dókítà kan ní ilé ìwòsàn ní Harburg, ní ìlú Hamburg ní Germany, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Ṣeun, ìyàwó àbúrò mi Wálé. Ìwé tí dókítà náà mú dání jẹ́ ojú ewé kan ṣoṣo tí Wálé tẹ̀ jáde láti orí fóònù, tó sì lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì wọn. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣeun ló túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àkọlé rẹ̀ ni "Kọfí Màmá Lurup". Èmi ni mo kọ ọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Wálé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ní àtọ̀gbẹ. Oògùn oníhóró ló ń lò láàárọ̀, ó sì ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ insulin nírọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a sin ìyá àgbà wa, tí wọ́n ń pè ní Màmá Lurup, mo fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí. Wálé kà á, ó ṣe kọfí náà bí mo ṣe kọ ọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó kó oògùn àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í pa. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi mu kọfí láìlo oògùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Ṣeun bá a nílẹ̀ nínú kíṣìnì. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti bó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀.

Ó ti mọ èèyàn báyìí. Kíndìnrín rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣọ́. Ọjọ́ kejìdínlógún rẹ̀ nìyí ní ilé ìwòsàn bí mo ṣe ń kọ èyí, a ò sì tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kíndìnrín náà máa já sí.

Wálé nìkan kọ́ ló ní ìwé náà lọ́wọ́. Mo ti ka iye wọn: èèyàn mọ́kànlélógún ni mo fi ránṣẹ́ sí. Mẹ́fà nínú wọn ti sọ fún mi pé àwọn náà fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ìwé kejì yìí kíákíá. Mi ò ní ka ọdún Ìyáàgbà láti ìbí dé ikú. Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe kọfí wọn, àti ohun tí mo mọ̀ nípa wọn tí mi ò kọ.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti wá sí Hamburg nígbà tí ìyá mi bí mi. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n máa wẹ̀ mí, kí wọ́n máa se ọbẹ̀ fún ìyá mi, kí wọ́n sì padà sílé. Ogójì ọdún ni wọ́n lò. Èèyàn kúkúrú ni wọ́n, wọ́n máa ń yára rìn, wọn kì í sì í pariwo. Ilé wọn ní Lurup, àdúgbò kan ní Hamburg, jẹ́ yàrá méjì ní àjà kẹta, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ló sì ní àyè tirẹ̀. Tó o bá fi ṣíbí síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀, wọn ò ní bá ọ wí. Wọ́n á dìde, wọ́n á gbé e padà sí àyè rẹ̀, wọ́n á sì máa wò ọ́ títí wọ́n á fi tún jókòó. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá ṣẹ̀ wọ́n, mo máa ń di Frau Àbẹ̀kẹ́ ni, ìyẹn Ìyáàfin Àbẹ̀kẹ́, wọ́n á sì máa bọ̀wọ̀ fún mi bíi pé èmi ni mo bí wọn: "Frau Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga mi."

Billbrook, àdúgbò iléeṣẹ́ kan ní Hamburg, ni wọ́n ti pàdé kọfí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ilé ẹrù kan tí wọ́n ti ń ṣa aṣọ àlòkù kí wọ́n tó dì í sínú kọ̀ńténà. Obìnrin ará Vietnam kan tó ń jẹ́ Hạnh ló ń dúró ní òdìkejì tábìlì wọn. German àwọn méjèèjì ò tó nǹkan nígbà yẹn. Ìyáàgbà á sọ Yorùbá, Mama Hạnh á dáhùn ní èdè tirẹ̀, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Tí Pause, àkókò ìsinmi ráńpẹ́, bá dé, Mama Hạnh á gbé gíláàsì méjì kalẹ̀. Á bu mílíìkì oníṣúgà tó ki bí oyin sí ìsàlẹ̀ gíláàsì kọ̀ọ̀kan, ó tó ìka méjì. Lẹ́yìn náà, á gbé phin lé gíláàsì lórí. Ife onírin kékeré ni phin, ihò wẹ́wẹ́ wà nídìí rẹ̀. Kọfí dúdú líle ló wà nínú rẹ̀. Tí a bá bu omi gbígbóná sí i, kọfí á máa kán sórí mílíìkì ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Kò sí bí èèyàn ṣe lè lé e. Ìyáàgbà, tí wọ́n máa ń jẹun lórí ìdúró nílé, ní láti jókòó dè é. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú rẹ̀, adùn rẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Wọ́n ní, "Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó ní Germany."

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi mu gíláàsì kan lójúmọ́, ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí Hausarzt wọn, dókítà àdúgbò wọn, sọ fún wọn pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Èmi ni mo bá wọn lọ láti túmọ̀. Ọkùnrin náà béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń mu.

"Sọ fún un pé kọfí ni mò ń mu."

"Ìyáàgbà, ṣé kí n sọ ti mílíìkì yẹn?"

"Ṣé ó béèrè mílíìkì?"

Mo sọ fún un pé kọfí ni. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Títí di òní, mo ṣì ń rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀, mo ní kí wọ́n sáà sọ fún Mama Hạnh pé àwọn ò lè mu ún mọ́. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n lọ gbá obìnrin náà lójú. Wọ́n ní, "Aago mẹ́rin ló ń jí, Àbẹ̀kẹ́, kó tó gbé àpò tó ń kó gíláàsì àti phin sí kọ́ apá. Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́?"

Wọ́n ń lo oògùn, wọ́n sì ń mu kọfí. Oṣù mẹ́rin. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ iye ṣúgà tí wọ́n bá pè fún mi sí, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, iye náà ò sì wálẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, Mama Hạnh ló sọ ọ́ fún mi. Berlin, níbi tí èmi náà ń gbé, ni wọ́n wà báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Lichtenberg, ilé wa ò sì jìnnà síra. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, Ìyáàgbà gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà wá síbi iṣẹ́. Wọ́n gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn aṣọ. Wọ́n gún ìka ara wọn níwájú Mama Hạnh, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sí i, wọ́n kọ iye tó jáde sórí páálí: 138. Wọ́n wá mu kọfí náà tán, títí kan mílíìkì tó wà nísàlẹ̀, wọ́n fi ṣíbí ha á. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n tún gún ìka, wọ́n tún kọ ọ́: 251. Wọ́n gbé páálí náà fún Mama Hạnh.

Mama Hạnh ní nígbà tí òun lóye ohun tí òun ń wò, òun gbé agolo mílíìkì náà kúrò lórí tábìlì, òun fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹni pé olè ni òun jà. Mama Hạnh ń sunkún. Ìyáàgbà wá gbá ọwọ́ wọn mú. Wọ́n nawọ́ sí phin, wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n nawọ́ sí agolo, wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n wá fi ìwọ̀nba German tí wọ́n ní sọ pé lọ́la, a tún máa ṣe é: "Morgen wieder."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wúwo lójú mi. Ìyáàgbà ò fi ẹ̀jẹ̀ wọn han ẹnikẹ́ni rí nínú àwa tí a jọ ń sọ èdè kan náà. Ọ̀rẹ́ tí wọn ò gbédè ara wọn ni wọ́n fi òótọ́ hàn, nítorí wọn ò fẹ́ kí kọfí náà parí láàárín àwọn méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọfí mìíràn. Gbogbo ìgbà òtútù ọdún yẹn ni wọ́n fi wá a, ẹ̀rọ sì wà lórí tábìlì ní gbogbo ìgbà. Tí nǹkan kan bá ti gbé iye náà sókè, wọ́n á jù ú nù. Wọ́n gbìyànjú dàbínù tí a gún. Ó gbé e sókè. Wọ́n gbìyànjú mílíìkì tí wọ́n fi ọkà ṣe, tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà. Ìyẹn náà gbé e sókè. Ìyá kan ní ìjọ wọn ní kí wọ́n lo oyin, pé oyin kì í ṣe ṣúgà, pé inú igbó ló ti wá. Ìyáàgbà fi oyin sí i, wọ́n mu ún, wọ́n gún ìka, wọ́n sì wo ojú ẹ̀rọ náà pẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yìí ò mọ ẹni tó ń jẹ́ oyin."

Kondensmilch ni wọ́n wá gbìyànjú níkẹyìn, mílíìkì inú agolo tí àwọn ará Germany ń dà sí kọfí. Ó jọ ti Mama Hạnh lójú agolo, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ṣúgà sí i. Mama Hạnh tọ́ ọ wò, wọ́n yọ ahọ́n síta. Ó ṣàn jù, kò sì dùn. Ìyáàgbà ló gbé e ka iná kékeré, pẹ̀lú èèpo igi olóòórùn dídùn kan tí wọ́n ń pè ní Zimt, tó gùn bí ìka, wọ́n ń rò ó títí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ fi gbẹ. Ó ki, ó pọ́n díẹ̀. Mama Hạnh ló mú iyọ̀ wá. Wọ́n ní àwọn kan ń fi iyọ̀ sí kọfí nílùú àwọn, ó máa ń pa ìkorò rẹ̀. Ní ọjọ́ tí iyọ̀ wọ̀ ọ́, iye tó jáde lẹ́yìn wákàtí kan fi mọ́kànlá péré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mama Hạnh ní Ìyáàgbà jó yí tábìlì ká.

Bó ṣe rí nìyí. Gíráàmù méjìlélógún kọfí dúdú tí wọ́n yan dáadáa, tí wọ́n lọ̀ kó rí bí iyọ̀ oníhóró. Ẹ dà á sínú phin, ẹ gbọ̀n ọ́n kó tẹ́jú, ẹ fi irin pẹlẹbẹ rẹ̀ lé e láìtẹ̀ ẹ́. Kí omi hó, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ́kọ́ bu ṣíbí ìjẹun méjì omi náà sí i kí kọfí lè wú. Lẹ́yìn ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ da ìyókù sí i, ìdajì ife tíì. Ó yẹ kó kán fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá kán tán láàárín ìṣẹ́jú méjì, wọn ò lọ̀ ọ́ kúnná tó. Ṣíbí ìjẹun méjì Kondensmilch tí a ti sè, kò gbọ̀dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mílíìkì fúnra rẹ̀ ní ṣúgà díẹ̀ nínú. Iyọ̀ tí ìka méjì lè mú. Ìyáàgbà kì í mu ún lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán.

Èmi ni mo wọn gbogbo ìyẹn, ó sì dá ìjà sílẹ̀. Ìyáàgbà ò wọn nǹkan rí. Mo gbé òṣùwọ̀n oníbátìrì lọ sí Lurup, wọ́n sì kọ̀ láti jẹ́ kó dé orí tábìlì àwọn. "Ta ló bí i? Ṣé ó ti se oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni rí?" Mo dọ́gbọ́n gbé abọ́ sórí rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ìwọ̀nba tí wọ́n bù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ méjìlélógún. Ọjọ́ kejì, méjìlélógún. Ọjọ́ kẹta, mọ́kànlélógún. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń wò mí. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ di ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Mọ́kànlélógún ọjọ́ yẹn, ìwọ lo pè mí tí ọwọ́ mi fi yẹ̀."

Gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe kọfí ló wà nínú ìwé àkọ́kọ́. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ló kàn.

Tí oúnjẹ bá ti délẹ̀ nílé Ìyáàgbà, ẹnì kankan ò ní fọwọ́ kàn án. Wọ́n á dìde, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ fọwọ́ mi." Wọ́n á wọ balùwẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Omi á máa dún. Ó di ohun tí àwọn ará ìjọ fi ń kọ́ ọmọ wọn: ẹ wo Màmá Lurup, bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Wálé, máa ń sọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé ìmọ́tótó ni kò jẹ́ kí Màmá ṣàìsàn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún níbẹ̀. Ọdún méjì àkọ́kọ́, oògùn oníhóró ni wọ́n lò. Ọdún mọ́kàndínlógún tó tẹ̀ lé e, abẹ́rẹ́ insulin ni wọ́n ń gún sí ikùn kí wọ́n tó jẹun. Èmi ni mo ń gba ìwé oògùn wọn, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ nínú ìdílé.

Ọmọ mi, Ẹniọlá, wá di ẹnì kejì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tó sì bá wọn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára. Ó bi wọ́n ní German bóyá ó ń dùn wọ́n: "Uroma, tut das weh?" Ìyáàgbà ò tilẹ̀ dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Nein. Tilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé."

Èmi ni mo fa ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ irú ìyá tí mo jẹ́. Mo máa ń ka iye ife omi tí Ẹniọlá bá mu kó tó lọ sílé ìwé. Tó bá mu méjì léraléra, àyà mi á já, nítorí òùngbẹ ni àtọ̀gbẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé mo ń dáàbò bò wọ́n ni, òun àti Ìyáàgbà. Ẹniọlá bi mí pé kí ló dé. Ó ní, "Aber Uroma hat doch nichts Schlimmes gemacht," pé Ìyáàgbà ò sáà ṣe ohun búburú kankan.

Ní ọdún tó kẹ́yìn, Wálé bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Lurup lọ́jọ́ Sunday. Abẹ́rẹ́ ti sú u, ó sì ń sọ ọ́. Ìyáàgbà á ṣe kọfí fún un, Wálé á mu ún tán, á máa wo bí wọ́n ṣe ń rìn kiri láìdi nǹkan kan mú.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyáàgbà, kí lẹ̀ ń lò gan-an? Ara yín le ju tèmi lọ."

"Kọfí ni."

"Kọfí yìí náà?"

"Mu tìrẹ, jàre."

Wálé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tó lọ, mo ń fọ gíláàsì, Ìyáàgbà ò sì kúrò lójú fèrèsé, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń lọ síbi ọkọ̀. Wọ́n ní, "Mo parọ́ fún ọmọ yẹn."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pè é lórí fóònù.

"Rárá. Tó bá dé lọ́jọ́ Sunday, màá gún abẹ́rẹ́ mi níwájú rẹ̀. Èmi ni màá fi hàn án."

Ọjọ́ Friday ni ọkàn wọn dáwọ́ dúró, lójú oorun. Àwa tí a wá kẹ́dùn ni Wálé bá nílé ní Sunday.

Bàbá Wálé pè mí láti Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n béèrè ohun tó pa ìyá wọn. Mo sọ òótọ́: ọkàn ni, ṣúgà sì ti wà lára wọn fún ọdún mọ́kànlélógún. Wọ́n ní, "Má kọ ìyẹn síbì kankan o. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà nílé yìí tí wọn ò tíì lọ́kọ. Tí wọ́n bá wá ṣèwádìí ìdílé, kí la fẹ́ wí?"

"Bàbá, Wálé ńkọ́?"

"Wálé ti gbéyàwó. Ti Wálé, Hamburg ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Màmá ò ṣàìsàn rí. Bẹ́ẹ̀ ni kó o kọ ọ́."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìwé mi nìyí, mo sì ń tún un kọ síbí kí ẹni tó bá ní i lè mọ̀ ọ́n: "Ohun tí Màmá Lurup ń mu lójoojúmọ́ nìyí, wọn ò sì ṣàìsàn rí títí wọ́n fi ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ." Èmi tí mo wọn kọfí títí dé gíráàmù kan, èmi ni mo kọ ìlà yẹn. Bàbá Wálé ló ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo sì mọ̀ pé Wálé máa kà á.

Lọ́jọ́ kejì tí Wálé tún mọ èèyàn, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin, mo sì wọ S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, lọ sí Harburg. Ó jókòó lórí ibùsùn, ó ti rù. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ fún Ṣeun lórí fóònù, Ṣeun sì ti sọ ọ́ fún un.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ kọ gíráàmù méjìlélógún. Ẹ kọ ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ ò kọ abẹ́rẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń gún un?"

"Lójoojúmọ́, kí wọ́n tó jẹun. Inú balùwẹ̀."

Ó wò mí. Ó ní, "Ọwọ́ fífọ̀ yẹn?" Ẹ̀rín fẹ́ gbé e, ikọ́ ló gbé e. Nígbà tí ikọ́ náà lọ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, kò sì gbé wọn kúrò títí nọ́ọ̀sì fi wọlé.

Mo pe Bàbá Wálé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà. Mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ kọ ọ́." Mo ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n wá ní, "Kọ ọ́. Kó o kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ní kó o fi í pa mọ́."

"Kò pọn dandan, Bàbá."

"Mo ní kó o kọ ọ́."

Mo ti kọ ọ́.

Ìyáàgbà wa ní àtọ̀gbẹ fún ọdún mọ́kànlélógún. Oògùn, abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀, àti dókítà tí wọ́n ń rí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló gbé wọn dé ọjọ́ ogbó. Kọfí náà dáa ju èyí tí wọ́n ń mu tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í wo nǹkan kan sàn.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún nìyí. Tí ìwé "Kọfí Màmá Lurup" bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ya á, kí ẹ sì pa á rẹ́ lórí fóònù. Tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ní Hamburg, ní Berlin, tàbí nílé, ẹ má kọ̀wé sí i, ẹ pè é kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ bi í léèrè bóyá ó ti dá oògùn tàbí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró. Tó bá ti dá a dúró, kó kàn sí dókítà rẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè fi àmì sí i pé a ti bá a sọ̀rọ̀. Ẹni méjìlá ni mo ti rí nínú mọ́kànlélógún. Mi ò tíì mọ àwọn tí àwọn mẹ́fà yẹn fi ránṣẹ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá wọn.